Ọ̀dà Búlúù Tó Ṣàn Lára Ògiri Kápẹ́ńtà

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Wòlíì Ògiri, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá gba orúkọ yín padà. Ó ti wúwo jù fún mi. Láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e lé mi lórí ni ọrùn mi ti wọ́, tí mi ò sì lè wo ojú ẹnikẹ́ni tó bá wọ awò ojú. Irọ́ tí mo gbé mì ti wú sí mi níkùn bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú omi. Bí mi ò bá bì í jáde lónìí, ó ṣeé ṣe kí n bẹ́ láàárín títì, kí n sì ta sí aṣọ àwọn aláìṣẹ̀. Ẹ jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀kò lù mí, kó di òkúta rẹ̀ mú, kó jẹ́ kí n parí ná, torí èyí tó burú jù ń bẹ lẹ́yìn.

Akunlé ni mí. Ilé yòówù tí ẹ bá ti rí àmì ọwọ́ méjì nísàlẹ̀ ògiri rẹ̀, èmi ni mo kùn ún, tí mo sì sáré fara ti ibi tí kò tíì gbẹ. Mo kàwé dé kíláàsì kẹfà. Mo sá ní ìkeje nítorí pé wọ́n kó ìṣirò pípín dé, èyí tó gùn bí ojú irin. Ojú fèrèsé ni mo gbà jáde, mo sì sáré débi pé bàtà mi kan kò dé ilé títí di ọjọ́ kejì. Tíṣà tó kó pípín náà dé ni Tíṣà tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí. Ogójì ọdún ló fi kọ́ni ní ìṣirò. Ó kọ́ Kápẹ́ńtà, ó kọ́ Télọ̀ tó wá di ìyàwó mi. Èmi, nínà ló nà mí. Ilé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Kápẹ́ńtà, ṣọ́ọ̀bù Kápẹ́ńtà sì fara ti ti ìyàwó mi. Fèrèsé kan ló wà láàárín àwọn méjèèjì, tó fi jẹ́ pé bí Kápẹ́ńtà bá ń fá pákó, ìfáfá rẹ̀ á máa bọ́ sínú kọ́là tí ìyàwó mi ń rán, bí ìyàwó mi bá sì ń bú mi, Kápẹ́ńtà á máa fi òòlù gbè é.

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí la da ọwọ́ pọ̀ ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọṣẹ, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní ṣíà. Kápẹ́ńtà ló kọ́kọ́ fẹ́ sọ wá di wèrè. Bí iye owó ṣíà náà bá fi bí ẹsẹ̀ èèrà gòkè, á ní ká tún rà sí i. Bó bá fi bí ojú abẹ́rẹ́ lọ sílẹ̀, á dé fìlà rẹ̀ sódì, á ní ayé ti parí. Lọ́jọ́ kan, ó rà láàárọ̀, ó tà lọ́sàn-án, ó tún rà kí ọjà tó pa. Alágbàtà tó ń bá wa rà tó sì ń bá wa tà bi í lórí fóònù pé, "Ọ̀gá, ṣé ara yín yá ṣá?" Ọjọ́ yẹn ni Tíṣà gbé àga rẹ̀ sọdá títì, ó jókòó sáàárín ìfáfá pákó, ó ní, "Ẹ̀yin aláìgbọ́n wọ̀nyí, ẹ má wo iye òní nìkan mọ́. Òní ò gbọ́n. Ẹ kó iye ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn jọ, ẹ rò ó pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́wàá. Ìpíndọ́gba rẹ̀ nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, ẹ ju ti ọjọ́ tó pẹ́ jù nù, ẹ mú tuntun wọlé, ẹ tún un pín. Ojoojúmọ́ ni yóò máa rìn. Ẹ sì ṣe òmíràn fún àádọ́ta ọjọ́, èyí tí kì í tètè gbọ̀n. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé, ibẹ̀ ni kí ẹ la ojú yín sí."

A ní kò yé wa. Ó ní kí n lọ gbé ọ̀dà mi wá. Ara ògiri funfun tó gùn nínú ṣọ́ọ̀bù Kápẹ́ńtà la ya ìlà méjì náà sí, ti ọjọ́ mẹ́wàá ní búlúù, ti àádọ́ta ọjọ́ ní pupa. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ. Mo pe búlúù ní Ọ̀dọ́ torí pé kò ní sùúrù, mo pe pupa ní Àgbà torí pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́ ná kó tó yí ọrùn. Tíṣà ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí Ọ̀dọ́ bá gba orí Àgbà kọjá lọ sókè, ẹ rà. Bó bá já bọ́ sábẹ́ Àgbà, ẹ tà, ẹ má ṣe bá a jiyàn." Kápẹ́ńtà họ orí, ó ní, "Tíṣà, níbo láyé yìí ni ọmọdé ti ń gun orí àgbà tí wọ́n sì ní ká máa yọ̀?" Tíṣà ní, "Nínú ọjà nìkan ni. Bó bá ṣẹlẹ̀ nílé rẹ, nà án." Bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn. Bí ọjà bá ti pa nírọ̀lẹ́, èmi á wo iye rẹ̀ lórí fóònù mi, màá mú un lọ bá Tíṣà, torí pé Tíṣà kì í lo fóònù. Ó ní ó ń jẹ èèyàn lọ́pọlọ. Á fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, á rò ó, á pín in, á pe nọ́ńbà méjì fún mi, èmi á gun bẹ́ǹṣì lọ tọ́ ọ̀dà sí i. Fún oṣù méje, a ò ṣi ìgbésẹ̀ kan gbé. Kápẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ògiri.

Ẹ wá gbọ́ bí ẹsẹ̀ mi ṣe yọ̀. Ọ̀dà búlúù ń tán lọ nínú agolo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyàwó mi sọ fún mi pé, "Ẹ lọ ra ọ̀dà," ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì dáhùn pé, "Mo ń lọ," tí mo tún jókòó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Tíṣà pe àádọ́ta fún Ọ̀dọ́, ó pe méjìdínláàádọ́ta fún Àgbà. Ìbú ìka kan la fi ń wọn ẹyọ kọ̀ọ̀kan lára ògiri, nítorí náà ìka méjì péré ni Ọ̀dọ́ fi ga ju Àgbà lọ. Mo wo inú agolo, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń wò mí. Kàkà kí n lọ ra òmíràn, mo da karosíìnì sí i. Mo da á títí ọ̀dà náà fi ń mì lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀ bí omi ojú ọmọ tí wọ́n gba nǹkan ìṣeré lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tọ́ ọ sí ara ògiri, mo tilẹ̀kùn, mo bá tèmi lọ. Mo tiẹ̀ ń súfèé.

Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, igbe Kápẹ́ńtà ló jí àdúgbò. "Ọ̀dọ́ ti já! Ọ̀dọ́ ti já bọ́ sábẹ́ Àgbà o!" Ìyàwó mi yọrí lójú fèrèsé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mẹ́fà lẹ́nu, ó ní, "Ta ló kú?" Kápẹ́ńtà ní, "Ọṣẹ ni!" Kí n tó sáré dé ibẹ̀, tèmi ti bọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu, ó ti pe alágbàtà, ó ti ta tirẹ̀, ó ti ta tèmi, ó ti ta ti ìyàwó mi, ó ti ta ti Tíṣà, díẹ̀ ló kù kó ta ti alágbàtà fúnra rẹ̀. Mo wo ògiri. Ìṣàn ọ̀dà ni. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrù eku, ó ti gba àárín Àgbà kọjá lọ sísàlẹ̀, ẹ̀kán kan sì rọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ tí kò tíì gbẹ. Ewúrẹ́ afọ́jú pàápàá ìbá mọ̀ pé ọ̀dà ló ṣàn. Àmọ́ Kápẹ́ńtà ò wo ìdí ọ̀ràn wò rí láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti bí i. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ẹnu mi yìí, tó máa ń sọ èyí tí wọn ò bi í, ọjọ́ tí wọ́n wá nílò rẹ̀ gan-an ló pa dé bí ilẹ̀kùn báńkì. Òòlù wà lọ́wọ́ Kápẹ́ńtà, ọ̀rọ̀ "ẹ lọ ra ọ̀dà" sì ń bẹ lójú ìyàwó mi. Mo bá dọ́gbọ́n mú bọ́ọ̀ṣì ìkunlé, mo ní mò ń tún ibẹ̀ ṣe, mo fi ọwọ́ ara mi sọ ìṣàn ọ̀dà di ìlà gidi. Bí ọ̀ràn náà ṣe di tèmi nìyẹn. Ìṣàn, ti karosíìnì ni. Ìlà, tèmi ni.

Nígbà tó ṣe, Tíṣà sọdá wá. Ó ní, "Ta ló ní kí ẹ tà?" Kápẹ́ńtà ní, "Ògiri ni, Tíṣà." Ó ní, "Ògiri ò lẹ́nu. Àádọ́ta ni mo pè lánàá. Akunlé, kí ni mo pè fún ọ?" Gbogbo wọn yíjú sí mi. Òòlù náà yíjú sí mi. Mo ní, "Ohun tí ẹ pè náà ni mo kùn, sà. Bóyá kí ẹ tún un rò wò." Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ́ńsù sì wà láàárín rẹ̀. Ó ní, "Bá mi di èyí mú," ó gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ lé olùtọ́jú, ó lọ fi imú kan ògiri kó lè rí i dáadáa. Kápẹ́ńtà tẹ̀ lé e, ó ń fi ìka hàn án. Ẹ̀yin èèyàn, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ mi yìí ti kọ lẹ́tà sára ilé ìwòsàn, ó ti kọ ọ́ sára ọkọ̀, kò sí ìkọ̀wé èèyàn tí kò lè sín jẹ. Mo wá iye ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní rántí mọ́. 52 ni. Ìrésà orí pẹ́ńsù Tíṣà fúnra rẹ̀ ni mo fi pa 5 náà rẹ́. Mo kọ 1 síbẹ̀, mo sì tẹ orí rẹ̀ díẹ̀ bí orí ọ̀pá ìtilẹ̀, bí òun náà ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Ó di 12. Mo tún fẹ́ yí àròpọ̀ rẹ̀ náà padà, àmọ́ ìyẹn ń fẹ́ pípín, pípín sì ni mo sá fún látìgbà èwe. Mo dá ìwé padà.

Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó níṣojú wa. Ó dé ibi 12, ó dúró. "Méjìlá? Ọṣẹ yìí ò tà ní méjìlá rí. Èmi ni mo kọ èyí?" Kápẹ́ńtà, tí kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń purọ́, wò ó, ó ní, "Ọwọ́ yín ni, Tíṣà. Ẹ wo orí ọ̀kan yẹn." Tíṣà pín in. Ọ̀dọ́ di mẹ́rìndínláàádọ́ta, Àgbà di mẹ́tàdínláàádọ́ta àti díẹ̀. Ó ní, "Ó bọ́ sábẹ́ lóòótọ́." Àmọ́ àádọ́ta tó kọ lánàá ṣì wà níbẹ̀, ó dúró gbọnin lábẹ́ ìlà. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ìyẹn ni pé mo kọ méjìlá, mo rò ó bí méjìléláàádọ́ta, mo kọ èsì kan sílẹ̀, mo sì fi ẹnu pe òmíràn fún Akunlé. Àṣìṣe mẹ́ta lójú ewé kan." Ó bọ́ awò rẹ̀. "Ọmọ tó bá ṣe èyí níwájú mi láyé ọjọ́sí, mi ò ní nà án. Màá ní kí wọ́n mú un lọ rí dókítà." Kápẹ́ńtà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo rẹ́rìn-ín.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ilé-iṣẹ́ ọṣẹ yẹn gbé ọṣẹ tuntun jáde tí kì í hó. Ẹ lè fi wẹ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, omi ni ẹ máa rí. Iye owó ṣíà náà já sí ìdajì. Gbogbo àwọn tó rà á láti àdúgbò kejì ń sunkún bí ẹni ń gé àlùbọ́sà, àwa nìkan la bọ́. Kápẹ́ńtà gbé mi sí èjìká, ó ń jó, ó fi orí mi gbá àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn, kò tiẹ̀ mọ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ Wòlíì Ògiri ti wá. Àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí ń wá fọwọ́ kan ìlà náà, ọkùnrin kan tiẹ̀ ní kí n wá kùn ún sí yàrá òun, kó lè máa wò ó kó tó sùn. Tíṣà nìkan ni kò yọ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, àṣìṣe yín ló gbà wá là!" Ó ní, "Àṣìṣe tó bá bọ́ sí rere ló léwu jù, torí kò sẹ́ni tó máa bá a wí." Ó gbé ìwé àti pẹ́ńsù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ wá ẹlòmíràn. Mi ò fẹ́ pa yín lára." Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń rò ó mọ́. Ohun tí inú mi bá sọ ni mò ń kùn. Bí ebi bá ń pa mí, Ọ̀dọ́ á sùn sílẹ̀. Bí mo bá yó, á gbérí díẹ̀, àmọ́ mi ò jẹ́ kó gun orí Àgbà, kí Kápẹ́ńtà má baà lọ ra ohun tí mi ò mọ̀.

Tíṣà náà bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sílẹ̀ bíi ti Ọ̀dọ́. Ó lẹ ìwé mọ́ ara gbogbo nǹkan ilé rẹ̀. Ó kọ "Tì í" sára ilẹ̀kùn, ó kọ "Pa á" sára sítóòfù, ó kọ "Orí tábìlì ni awò wà" sára tábìlì tí awò wà lórí rẹ̀. Lárọ̀ọ́wọ́tọ́ fèrèsé rẹ̀ ni mo máa ń gbà kọjá, mo sì máa ń gbọ́ ọ. "Méje lọ́nà mẹ́jọ, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta." Á tún un sọ. "Méje lọ́nà mẹ́jọ... mẹ́rìndínlọ́gọ́ta." Á tún fi ìka kà á. Ẹni tó ti sọ ọ́ fún ọmọ tó lè kún pápá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá, òun ló wá ń bi ara rẹ̀ bóyá òótọ́ ni. Èmi á fi àtàmpàkò ẹsẹ̀ rìn kọjá. Mi ò mọ̀ pé àtàmpàkò mi lè gbé èèyàn dúró tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ dìídì fetí sílẹ̀ báyìí, torí ibi tó burú jù la dé. Ọmọ Tíṣà, obìnrin, Nọ́ọ̀sì ni, ìlú mìíràn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbọ́ nípa ìwé tó wà lára sítóòfù, ó wá. Ó wá bá mi níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bọ̀dá Akunlé, ẹ̀yin lẹ̀ ń rí bàbá mi lójoojúmọ́. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Ṣé ó ń gbàgbé nǹkan lóòótọ́?" Ẹ wo àyè tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún mi! Àyè yẹn fẹ̀ débi tí ọkọ̀ akẹ́rù ìbá fi yí padà nínú rẹ̀. Bí mo bá sọ pé "rárá," ó tán. Àmọ́ bí ẹnu mi bá ti là, kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n má sọ." Ó ní kí n sọ. Mo ní, "Lọ́jọ́ kan, ó kí pákó kan ní ṣọ́ọ̀bù Kápẹ́ńtà. Ó ní, 'Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.' Ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó bi í léèrè àwọn ọmọ." Ó fi gèlè bojú. Ẹ̀yin èèyàn, kí n sọ òótọ́ délẹ̀: ní gbogbo ìgbà tó ń sunkún, apá kan nínú mi ń sọ pé ìtàn pákó yẹn mà dùn o. Irú ẹran wo nìyẹn?

Ìgbà tó lọ, ìyàwó mi dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Pákó wo?" Mo ní, "Pákó... kan tó gùn." Ó ní, "Ọkọ mi, láti ojú fèrèsé yìí ni mo ti ń rí inú ṣọ́ọ̀bù Kápẹ́ńtà láràárọ̀. Mi ò rí ibi tí Tíṣà ti kí pákó. Ibi tí ẹ ti ń da karosíìnì sínú ọ̀dà ni mo rí." Ikọ́ gbé mi bí ọkọ̀ tí kò fẹ́ ṣí. Ó wò mí, ó wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Ó ní, "Mo ń dúró." Kò sọ ohun tó ń dúró dè.

Nọ́ọ̀sì pinnu pé òun á mú bàbá òun lọ sọ́dọ̀ òun, àwọn á sì fi ilé náà rẹ́ǹtì. Tíṣà ò jiyàn. Ó ní, "Ẹni tí kò lè da ara rẹ̀ rò mọ́, kò yẹ kó dá gbé." Wọ́n wá akunlé tó máa kọ ọ́ sára ògiri iwájú ilé. Èwo ni akunlé tó wà ládùúgbò? Èmi aláìgbọ́n yìí náà ni! Mo gbé àkàbà lọ. Agolo búlúù yẹn náà ni mo gbé lọ, torí títí di ọjọ́ yẹn, mi ò tíì lọ ra ọ̀dà. Mo gun òkè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ILÉ YÌÍ WÀ FÚN RẸ́ǸTÌ. Mo bojú wolẹ̀, mo rí ẹni tó di àkàbà mú. Tíṣà ni. Ó ní, "Máa bá iṣẹ́ lọ. Mo dì í mú, o ò ní ṣubú." Mo kọ ILÉ. Mo kọ YÌÍ. Ó ní, "Akunlé." Mo ní, "Sà." Ó ní, "Pákó tí ọmọ mi ní mo kí yẹn, ṣé ó dáhùn?" Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún fẹ́ pa mí, àwọn méjèèjì pàdé lọ́nà ọ̀fun mi, wọ́n ń jà. Ibẹ̀ ni karosíìnì ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà tí mo kọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ẹsẹ̀ búlúù gígùn ń tinú I bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tíṣà bọ́ awò, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́, ó wo òkè. Ó wá ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, "Akunlé, bá mi pe ọmọ mi. Lẹ́tà ti ń rìn lójú mi. Ojú náà ti tẹ̀ lé ọpọlọ lọ."

Àkàbà ò mì, èmi ni mo mì. Mo sọ̀kalẹ̀ débi tí orí mi kọjú sí orí rẹ̀, bọ́ọ̀ṣì ń kán sí bàtà mi, mo ní, "Tíṣà, kì í ṣe ojú yín. Lẹ́tà náà ń rìn lóòótọ́. Karosíìnì ni. Kì í ṣe orí yín náà. Karosíìnì ni lọ́jọ́ kìíní, èmi ni láti ọjọ́ kejì." Mo sọ gbogbo rẹ̀, ìṣàn ọ̀dà, ìrésà, ọ̀kan tí mo tẹ orí rẹ̀, àti pákó. Mo sọ ọ́ sókè débi pé Kápẹ́ńtà jáde, ìyàwó mi jáde, Nọ́ọ̀sì jáde tòun ti àpótí tó ń dì. Tíṣà kò bú mi. Ó ní, "Kí ni iye náà?" Mo ní, "Méjìléláàádọ́ta, sà." Ó ní kí n mú ìwé náà wá. Mo sáré débi pé afẹ́fẹ́ mi ṣí fìlà Kápẹ́ńtà. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó pa 12 rẹ́, ó kọ 52, ó rò ó, ó pín in. Àádọ́ta. Méjìdínláàádọ́ta. Ó tún un rò. Àádọ́ta. Ó gbé ìwé náà sí àyà, ó di ojú rẹ̀.

Kápẹ́ńtà ló kọ́kọ́ ta jí. Ó lé mi yí ilé náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá pákó, ó ní òun fẹ́ fá ọ̀bọ ara mi kúrò. Ní ìyípo kẹrin, ó dúró lójijì, ó ní, "Dúró ná. Ìyẹn ni pé karosíìnì ló gba owó wa là? A ò ṣe máa da á sí i ní gbogbo ìgbà?" Tíṣà ní, "Jókòó." Ó jókòó. Nọ́ọ̀sì wá dúró níwájú mi, ó ní, "Pákó ńkọ́?" Mo ní, "Kò sí pákó, àǹtí." Ó gbé àpótí ọwọ́ rẹ̀ lé mi lórí, ó ní, "Dá a padà síbi tí wọ́n ti gbé e." Àpótí mẹ́tàdínlógún ni mo gbé padà. Ìwé ogójì ọdún ló wà nínú wọn. Ọ̀kan wúwo débi pé àbíkẹ́yìn mi tí mi ò tíì bí máa ní ẹ̀yìn dídùn. Ìyàwó mi kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Ẹ ti dé. Mo ti ń dúró."

Ìgbà tí mo gbé àpótí tó kẹ́yìn sílẹ̀, Tíṣà pè mí sídìí tábìlì. Ó ní, "Iye èké tó bá wọ inú ìpíndọ́gba, kò sẹ́ni tó lè bẹ̀ ẹ́ kó jáde. Ọjọ́ ló ń lé e jáde. Nínú ti Ọ̀dọ́, ọjọ́ mẹ́wàá ló máa lò. Nínú ti Àgbà, àádọ́ta." Ó wò mí lókè awò. "Èmi, àgbà ni mí. Àádọ́ta ọjọ́ ni wàá fi wá síbí. Lójoojúmọ́, wàá ro iye àádọ́ta pọ̀, wàá sì fi ọwọ́ pín in, láìlo fóònù. Fèrèsé tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn, má wulẹ̀ wò ó. Mo ti tì í."

Òní ló pé ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi, mi ò ní kí ẹ má purọ́, torí ẹ ò ní gbọ́. Ohun tí mò ń wí ni pé bí ọ̀dà bá ṣàn, ẹ sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ó ṣàn. Ìka méjì péré ni nígbà náà, aṣọ ìnulẹ̀ lásán lè nù ún. Ẹ wo ibi tí mo fi ìka méjì dé: mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ilé ẹni kan rẹ́ǹtì, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọpọlọ rẹ̀ rẹ́ǹtì pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ṣì ń dáhùn ìkíni gbogbo èèyàn àfi tèmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tó wá wo bàbá rẹ̀, mo kí i ní ẹnu ọ̀nà. Ó kọjú sí pákó tó wà lára ògiri, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, màmá," ó sì wọlé lọ. Mi ò mọ̀ bóyá àforíjì ló ń bọ̀ ni àbí abẹ́rẹ́.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé ìṣirò mi lọ bá Tíṣà. Ó mú bírò pupa, èyí tí mi ò rí lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà ọ̀rọ̀ náà, ó fa àmì èké sí i gbàgàdà, tó fi jẹ́ pé ìwé ya. Ó pariwo mọ́ mi, Kápẹ́ńtà gbọ́ ọ ní òdìkejì títì, ó ní, "Òmùgọ̀! Méje lọ́nà mẹ́jọ lo pè ní mẹ́rìnléláàádọ́ta? Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni!"

Kò fi ìka kà á. Kò sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.